Struct kan náà, báìtì 12 lórí Uno, báìtì 32 lórí Raspberry Pi: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Arduino Uno ni mo fi ń wọn ooru ilé adìyẹ. Mo kó gbogbo ohun tí mo wọ̀n sínú struct kan (àkójọ oríṣiríṣi dátà lábẹ́ orúkọ kan), mo sì ń fi Serial.write rán an lọ sọ́dọ̀ Raspberry Pi bó ṣe wà, báìtì 3 ló ṣáájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí header. `sizeof` ní báìtì 12 ni struct náà lórí Uno, ó ní 32 ni lórí Pi, àkókò àti ooru tí mo ń rí níbẹ̀ kò sì jọ òótọ́ rárá. Mo wá fi Raspberry Pi Pico sáàárín kí ó máa gba ìsọfúnni náà. Ńṣe ni Pico máa ń dúró gbagidi tó bá ti kan ìlà tó ń ka àkókò. Ìlà yẹn gan-an ń ṣiṣẹ́ lórí laptop mi. Èwo ló ní àléébù nínú wọn?

```
struct Iroyin {
  uint8_t  nomba;
  uint32_t akoko;
  int16_t  ooru;  // ìlọ́po 100
  double   folti;
  uint8_t  ipo;
};

struct Iroyin *r = (struct Iroyin *)(buf + 3);
uint32_t t = r->akoko;      // ibí ni Pico ti ń dúró
```

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó ní àléébù nínú àwọn ẹ̀rọ yín. Àìsàn méjì ló pàdé lára kóòdù yìí. Èkíní ni pé bí struct ṣe tò sínú mẹ́mọ́rì kò dọ́gba láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Èkejì ni pé ẹ ní kí Pico ka nọ́ńbà oníbáìtì 4 láti àdírẹ́ẹ̀sì tí processor rẹ̀ kì í gbà. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, orí ohun tí à ń pè ní alignment, ìyẹn irú àdírẹ́ẹ̀sì tí dátà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, ni wọ́n ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tó wo ọ̀kan lè má wo èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi `packed`, àṣẹ tó ń yọ àlàfo inú struct kúrò, wo èkíní, tí wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fa èkejì wọlé. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Processor ńlá kì í ṣa dátà ní báìtì kọ̀ọ̀kan láti mẹ́mọ́rì. Ìwọ̀n ló fi ń bù ú, bí oní-gàrí ṣe ń fi kóńgò bù: báìtì 4 lẹ́ẹ̀kan, tàbí 8, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí bíbù kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ kì í yẹ̀: 0, 4, 8, 12. Nọ́ńbà oníbáìtì 4 tó bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì 8 wà nínú ìwọ̀n kan ṣoṣo. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 9 ti na ẹsẹ̀ bọ inú ìwọ̀n kejì, báìtì 3 níhìn-ín, báìtì 1 lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ kan á bù lẹ́ẹ̀mejì, á sì so wọ́n pọ̀ fún yín láìsọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ mìíràn á kọ̀ jálẹ̀.

Nítorí èyí ni compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, fi ń tẹ̀ lé òfin kan: ohun kọ̀ọ̀kan nínú struct gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tí a lè fi alignment rẹ̀ pín láìṣẹ́kù. Ti `uint16_t` sábà máa ń jẹ́ 2, ti `uint32_t` àti `float` 4, ti `double` 8. Níbi tí kò bá ti bọ́ sí i, compiler á fi àlàfo sáàárín. Gígùn struct fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po alignment tó tóbi jù nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, struct kejì nínú array á ti ṣì ẹsẹ̀ gbé. Compiler kọ́ ló dá òfin yìí ṣe. Inú ABI ló wà, ìyẹn àdéhùn tí ẹ̀rọ kan àti operating system rẹ̀ jọ ní, àdéhùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Bí struct yín ṣe tò nìyí:

```
          Uno    Linux i386    x86-64 Linux, Pico, Pi
nomba      0         0                 0
akoko      1         4                 4
ooru       5         8                 8
folti      7        12                16
ipo       11        20                24
gígùn     12        24                32
```

Processor AVR tó wà lórí Uno, báìtì kan ló ń mú lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà alignment gbogbo nǹkan jẹ́ 1 níbẹ̀, kò sí àlàfo kankan. Ẹ wo `folti` dáadáa: báìtì 4 péré ni `double` ń gbà lórí Uno, kò sì yàtọ̀ sí `float`. Lórí Pi, báìtì 8 ni. Ìyẹn kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ àlàfo mọ́, nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀. Lórí Pi, nínú báìtì 32 yẹn, 16 péré ni dátà: àlàfo 3 lẹ́yìn `nomba`, 6 lẹ́yìn `ooru`, 7 ní ìparí. Ìdajì gédé ni òfìfo.

Ẹ má sì rò pé processor nìkan ló ń pinnu. Lórí Linux i386, 4 ni alignment `double` nínú struct. Ẹ gbé struct kan náà lọ sórí Windows 32-bit, lórí processor kan náà, 8 ni, gígùn á sì di 32. Lórí Linux m68k, 2 ni alignment `uint32_t`. Ẹni tó bá há gígùn struct sórí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló há sórí.

Ó yẹ kí ẹ rí bí ìsọfúnni yín ṣe ń dàrú lójú ọ̀nà, torí ó máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti dá àrùn yìí mọ̀ nígbà mìíràn. Ká ní Uno fẹ́ sọ pé nọ́ńbà 7, àkókò 1000, ooru 28.75, fóltì 3.7, ipò 1. Ohun tó máa jáde ní hex lẹ́yìn header nìyí:

```
07  E8 03 00 00  3B 0B  CD CC 6C 40  01
```

Tí ẹ bá da báìtì wọ̀nyí sínú struct ti Pi, `nomba` á ka 7, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Pi fo báìtì 3, ó sì wá `akoko` lọ sí ipò 4 (láti 0 la ti ń kà). Ohun tó bá níbẹ̀ ni `00 3B 0B CD`: báìtì tó kẹ́yìn àkókò, báìtì ooru méjèèjì, àti báìtì àkọ́kọ́ fóltì. Ó ka 3440065280 dípò 1000. Ó bọ́ sí ipò 8 fún `ooru`, ó bá `CC 6C`, tí í ṣe 27852, ìyẹn ooru 278.52. Ipò 16 tó ti fẹ́ ka fóltì kò sí nínú ohun tí Uno rán rárá, nítorí náà ìdọ̀tí tó wà nínú buffer tẹ́lẹ̀ ló ń kà. Àmì rẹ̀ nìyẹn: field àkọ́kọ́ tọ̀nà, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e di rádaràda. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má yẹ wáyà wò, ẹ yẹ àlàfo wò.

Ó kan Pico. Ká ní `buf` bẹ̀rẹ̀ ní 0x20000100. Ẹ fi 3 kún un nítorí header, ó di 0x20000103. `akoko` wà ní ipò 4 nínú struct, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wá di 0x20000107, tí a kò lè fi 4 pín láìṣẹ́kù. Nígbà tí ẹ kọ `(struct Iroyin *)`, ẹ ti ṣèlérí fún compiler pé àdírẹ́ẹ̀sì náà bójú mu. Ó gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́, ó sì kọ instruction LDR kan ṣoṣo, èyí tó ń ka báìtì 4 lẹ́ẹ̀kan. Processor RP2040 inú Pico jẹ́ Cortex-M0+, irú èyí kì í ka báìtì 4 láti ibi tó ṣì ẹsẹ̀ gbé bó ti wù kó rí. HardFault ló máa ṣe, ìyẹn ni pé á dá iṣẹ́ dúró nítorí àṣìṣe, kò sì sí bíìtì tí ẹ lè yí láti pa á. Kò ní register tó ń sọ irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n PC, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì instruction tó kú lé lórí, wà lórí stack, ní SP + 0x18 nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú handler HardFault. Ẹ fún `arm-none-eabi-addr2line` ní nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú fáìlì .elf yín, á dárúkọ ìlà náà.

Àwọn yòókù ńkọ́? Ìwà wọn yàtọ̀ síra gan-an. Cortex-M3, M4 àti M33 máa ń gba LDR àti LDRH láti àdírẹ́ẹ̀sì tó ṣì, àyàfi tí ẹ bá tan bíìtì 3, UNALIGN_TRP, nínú register CCR ní 0xE000ED14. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba LDRD àti LDM, àwọn tó lè ka ju báìtì 4 lọ lẹ́ẹ̀kan, rárá. Ibí ni ìdẹkùn wà: tí ẹ bá ka `uint32_t` méjì tó tẹ̀ léra, compiler lè pa wọ́n pọ̀ di LDRD kan ní -O2, níbi tó ti ń mú kóòdù yára. Kóòdù á ṣiṣẹ́ ní -O0 nígbà tí ẹ ń dán an wò, á sì kú lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbé e jáde. Lórí Linux ARM 32-bit náà, `uint32_t` lè kọjá láìsí ìjà, kí `double` láti ibì kan náà mú "Bus error" wá, torí VLDR, instruction tó ń ka `double`, kò gbà á. ESP8266 á tẹ "Exception (9)" jáde. SPARC á fi SIGBUS, àmì àṣìṣe àdírẹ́ẹ̀sì, pa ètò náà. MIPS tó ṣáájú Release 6 á ju exception.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn, lójú tèmi, ni ARMv5 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, torí wọ́n lè má pariwo. Ká ní mẹ́mọ́rì láti 0x1000 jẹ́ `11 22 33 44 55`. Ẹ ní kí ó ka báìtì 4 láti 0x1001, ẹ ń retí 0x55443322. LDR á mú ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 0x1000, á yí i po, á sì fún yín ní 0x11443322. Ètò kò kú, nọ́ńbà kò tọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí Linux ARM fi ní fáìlì `/proc/cpu/alignment`: tí ẹ bá kọ 3 sínú rẹ̀, kernel á máa tún un ṣe, á sì máa ròyìn, tí ẹ bá kọ 5, á ròyìn, á sì fi SIGBUS pa ètò náà. 5 ni mo fara mọ́ nígbà tí ẹ bá ṣì ń kọ kóòdù.

Laptop yín, x86 ni. Òun máa ń gba àdírẹ́ẹ̀sì tó ṣì, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí yín. Òun náà kì í gbà á nígbà gbogbo: instruction SSE bíi MOVAPS àti MOVDQA ń béèrè 16. Tí ẹ bá fi pointer `uint32_t` tó ṣì rin loop ní -O3, gcc lè gbà pé tí òun bá ka nọ́ńbà díẹ̀ níwájú, òun á dé ibi tí 16 ti pín dọ́gba. Láti 0x103, ẹ lè fi 4 kún un títí di ọ̀la, ẹ ò ní débẹ̀. MOVDQA á kọ̀, ètò á sì kú pẹ̀lú SIGSEGV lórí àdírẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ ti yín gan-an. Ní ti òfin èdè C, àṣìṣe ni ìlà yẹn lórí gbogbo ẹ̀rọ. Àwọn kan kàn ń fara dà á ni.

Ó kan ìwòsàn. Wọ́n á ní kí ẹ kọ `__attribute__((packed))`. Ó ń yọ àlàfo kúrò lóòótọ́, compiler á sì máa ka báìtì kọ̀ọ̀kan lórí Pico tí ẹ bá ń gba ẹnu struct náà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ kà á: lórí Uno 12, lórí Pi 16, torí `double` ṣì jẹ́ 4 níhìn-ín, 8 lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá kọ `&r->akoko` tí ẹ sì gbé e fún function tó ń retí `uint32_t *`, ẹ̀rí pé struct náà jẹ́ packed ti sọnù lójú ọ̀nà, HardFault ti padà. Láti GCC 9 ni compiler ti ń kìlọ̀ nípa èyí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú -Waddress-of-packed-member. Ẹ má pa ìkìlọ̀ yẹn lẹ́nu mọ́.

Wọ́n tún lè ní kí ẹ sọ header di báìtì 4, kí ẹ sì fi `alignas(4)` sí `buf`. Pico á ṣíwọ́ kíkú, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Pi ò ní rí ooru tó tọ̀nà síbẹ̀, ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì fi báìtì kan kún header, a tún ti padà síbi tá a ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo ní kí ẹ ṣe ni pé kí struct má jáde nílé mọ́. Inú ẹ̀rọ ni kó máa gbé. Ohun tó bá máa gba orí wáyà, ẹ tò ó fúnra yín ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ pinnu rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: báìtì 0 nọ́ńbà, 1 sí 4 àkókò, báìtì kékeré ṣáájú, 5 àti 6 ooru, 7 àti 8 fóltì ní mílífóltì, 9 ipò. Mo sọ fóltì di nọ́ńbà odidi kí ọ̀rọ̀ `double` lè tán pátápátá, 3.7 di 3700. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì 10.

```
void ko_u16(uint8_t *p, uint16_t v) {
  p[0] = v;  p[1] = v >> 8;
}
void ko_u32(uint8_t *p, uint32_t v) {
  p[0] = v;        p[1] = v >> 8;
  p[2] = v >> 16;  p[3] = v >> 24;
}
uint16_t ka_u16(const uint8_t *p) {
  return (uint16_t)(p[0] | (uint16_t)p[1] << 8);
}
uint32_t ka_u32(const uint8_t *p) {
  return (uint32_t)p[0]       | (uint32_t)p[1] << 8
       | (uint32_t)p[2] << 16 | (uint32_t)p[3] << 24;
}

// lórí Pico àti Pi
const uint8_t *d = buf + 3;
r.nomba = d[0];
r.akoko = ka_u32(d + 1);
r.ooru  = (int16_t)ka_u16(d + 5);
r.folti = ka_u16(d + 7) / 1000.0;
r.ipo   = d[9];
```

Ẹ má yọ `(uint32_t)` inú `ka_u32` kúrò pé ó pọ̀ jù. `int` jẹ́ bíìtì 16 lórí Uno. Tí ẹ bá ti `p[2]` sí òsì ní 16 láìsọ ọ́ di `uint32_t` kọ́kọ́, nọ́ńbà náà á ṣubú kúrò létí. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ó máa falẹ̀. GCC láti 5 lọ máa ń dá ètò yìí mọ̀ ní -O2, á sì sọ `ka_u32` di MOV kan ṣoṣo lórí x86. Lórí Pico, báìtì kọ̀ọ̀kan náà ló máa kà, ohun tó yẹ kó ṣe náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ báìtì ńlá ṣáájú tàbí kékeré ṣáájú ti parí síbẹ̀ pẹ̀lú, torí kóòdù yìí kò bìkítà bí processor ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà tirẹ̀.

Níbi tí ẹ kò bá lè yí ohun tó ń gba orí wáyà padà, `memcpy` ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n láti orí `uint8_t *`. `memcpy(&t, buf + 4, 4)` dára: báìtì 3 ti header, 1 ti `nomba`. `memcpy(&t, &r->akoko, 4)` lè kú bíi ti tẹ́lẹ̀, torí pointer tí ẹ ti yí padà ti sọ fún compiler pé àdírẹ́ẹ̀sì náà bójú mu, ó sì lè sọ `memcpy` náà di LDR.

Nínú mẹ́mọ́rì Pico àti Pi, ẹ lè tún struct náà tò láti orí èyí tó tóbi jù bọ̀ wá sílẹ̀: `folti`, `akoko`, `ooru`, `nomba`, `ipo`. 8 + 4 + 2 + 1 + 1 jẹ́ 16, kò sí àlàfo. Tí ẹ bá ń tọ́jú ìròyìn 1000 sínú Pico, báìtì 16000 ni dípò 32000, RAM rẹ̀ kò sì ju 264 KB lọ. Tí ẹ bá fi `float` rọ́pò `double`, á jẹ́ 12 lórí gbogbo ẹ̀rọ tá a dárúkọ nínú àtẹ òkè. Ìyẹn dára fún àyè. Ẹ má tìtorí rẹ̀ padà sí fífi struct ránṣẹ́.

Kí ẹ tó tún gbé kóòdù sórí board, ẹ jẹ́ kí laptop ṣiṣẹ́ ìṣọ́. Ẹ fi `-Wcast-align=strict` sí gcc; èyí tí kò ní `strict` kì í sọ̀rọ̀ lórí x86. Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú `-fsanitize=alignment`, ẹ sì fún un ní báìtì tí ẹ gbà sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Uno: ìlà yín àtijọ́ á mú "misaligned address" jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà rẹ̀. `pahole`, tó wà nínú àkójọ dwarves, á fi àlàfo inú struct kọ̀ọ̀kan hàn yín láti inú fáìlì tí ẹ kọ́ pẹ̀lú `-g`. Níbi tí gígùn bá ti ṣe pàtàkì, ẹ kọ `static_assert(sizeof(struct Iroyin) == 16, "gigun ti yipada")`, kí compiler lè dá yín dúró kí ẹ̀rọ tó ṣe é.

Tí ẹ bá máa fi CRC (nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá dátà bàjẹ́ lójú ọ̀nà) kún un, lórí báìtì 10 yẹn ni kí ẹ ti ṣírò rẹ̀, ẹ má ṣe é lórí struct. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sínú àlàfo, ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Struct méjì tí gbogbo field wọn dọ́gba lè ní CRC ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, `memcmp` náà á sì ní wọn kò dọ́gba.

Fún ìdánwò, ẹ fi nọ́ńbà tá a lò lókè sí Uno, kí ẹ sì tẹ ohun tó dé ọ̀dọ̀ Pico jáde ní hex lẹ́yìn header:

```
07  E8 03 00 00  3B 0B  74 0E  01
```

Tí báìtì kan bá yàtọ̀ sí èyí, kíkọ lórí Uno ni kí ẹ wò, tàbí baud rate. Tí wọ́n bá pé tí ooru kò sì ka 28.75, nínú `ka_u16` ni kí ẹ wò.